Bí A Ṣe Ń Gbin Ẹ̀wà Àtijọ́ Ìhà Gúúsù Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Tí Irúgbìn Rẹ̀ Kò Fi Ní Run

Ẹ̀wà tí à ń lọ̀ ṣe àkàrà nílé, tí à ń fi ṣe gbẹ̀gìrì, òun náà ni àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń gbìn láti ìgbà òwò ẹrú. Ọkọ̀ tó kó àwọn ènìyàn wa sọdá òkun ló kó o dání. Láti ìgbà náà ni ìdílé kọ̀ọ̀kan àti erékùṣù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣa irúgbìn tirẹ̀ pamọ́ lọ́dọọdún, títí ẹ̀wà kan ṣoṣo fi pín sí oríṣiríṣi: pupa wẹ́wẹ́, dúdú, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní tótòtó, funfun kékeré, èyí tí èèpo rẹ̀ ń di àwọ̀ àlùkò bó bá gbó. Nígbà tí ẹ̀rọ ìkórè dé, tí àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ inú agolo sì ń wá ẹ̀wà tó máa gbó lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ yìí ló kù sọ́wọ́ arúgbó mélòó kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Georgia, Texas, Carolina, Maryland, tàbí ibikíbi tí ooru ti ń mú dáadáa fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ẹ sì ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí ẹ tó mú ọkọ́: ẹni tó bá ń gbin ẹ̀wà tó ṣọ̀wọ́n kì í kọ́kọ́ gbìn ín fún ìkòkò. Lọ́dún kìíní, irúgbìn lẹ ń gbìn. Jíjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá sè é tán lọ́dún kìíní á tún padà lọ ra irúgbìn, bí ẹni tó ń tà á bá ṣì ní in.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo lọ́dún àkọ́kọ́. Àwòrán inú ìwé àwọn tó ń ta irúgbìn máa ń wu ojú, wọ́n á sì mú kí ẹ fẹ́ ra mẹ́fà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Oríṣi mẹ́fà nínú ọgbà kékeré kan á dà pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ìtàn rẹ̀ súnmọ́ wa jù, ẹ wá Sea Island Red Pea. Kékeré ni, ó pupa rúsúrúsú, ti àwọn Gullah Geechee ni, àwọn ọmọ ìran ẹrú láti Áfíríkà tó wà létíkun South Carolina àti Georgia. Òun ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ìrẹsì Carolina Gold láyé àtijọ́, kí ẹ̀wà olójú dúdú tó gba ipò rẹ̀ nínú oúnjẹ ọdún tuntun tí wọ́n ń pè ní hoppin' John. Ní erékùṣù Sapelo ní Georgia, ẹ̀wà pupa irú èyí ni Cornelia Walker Bailey, tó kú ní 2017, mú bẹ̀rẹ̀ okòwò kí owó lè wọlé fún àwọn ará Hog Hammock, abúlé wọn níbẹ̀, láti di ilẹ̀ baba wọn mú. Ẹgbẹ́ Slow Food ti kọ Sea Island Red Pea mọ́ àwọn oúnjẹ tó wà nínú Ark of Taste, àkójọ àwọn ohun jíjẹ tí wọn kò fẹ́ kó parẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì gbin ẹ̀wà rí, Whippoorwill ni n óò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ní tótòtó lára, ọ̀dá kì í tètè pa á, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá kò sì dí i lọ́wọ́. Iron and Clay náà lágbára. Oríṣi méjì tí wọ́n pò pọ̀ ni, Iron sì ti gbayì láàárín àwọn onímọ̀ láti 1902, nígbà tí ìròyìn jáde láti Monetta, South Carolina, pé ó dúró níbi tí àrùn tó ń mú ewé rọ àti aràn inú ilẹ̀ ti ń pa àwọn ẹ̀wà yòókù. Aburú tirẹ̀ ni pé àgbọ̀nrín fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, débi pé àwọn ọdẹ ń dìídì gbìn ín láti fi pe ẹran. Bí ẹ kò bá ní ọgbà gíga tó yí oko yín ká, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní crowder, hóró wọn fún pọ̀ nínú èèpo débi pé orí hóró á tẹ́ pẹrẹsẹ. Omi wọn máa ń nípọn, ó sì máa ń dúdú bí ẹ bá sè wọ́n, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀wà tó máa rọ̀ bí ti ilé, kó wá Calico Crowder tàbí Brown Crowder. Purple hull rọrùn fún ẹni tuntun nítorí èèpo rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun ti tó: á kúrò ní tútù, á di àwọ̀ àlùkò. Àwọ̀ náà á mọ́ yín léèékánná fún ọjọ́ mélòó kan. Ìlú Emerson ní Arkansas tiẹ̀ ń ṣe ọdún fún un. Ní ti Lady pea, ó funfun, ó dùn, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá fẹ́ bó o fún mọ́ínmọ́ín, kó pe àwọn ọmọ wá.

Ibi tí ẹ ti máa rí i

Southern Exposure Seed Exchange ní Virginia ló ní oríṣi púpọ̀ jù tí mo mọ̀. Seed Savers Exchange, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, tó sì wà ní Iowa báyìí, ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fún ara wọn ní irúgbìn. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé ìpamọ́ irúgbìn ẹ̀wà ní Griffin, Georgia, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí àti àwọn tó ń mú irúgbìn tuntun jáde ni wọ́n ń dá lóhùn, kì í ṣe ẹni tó ń ro ẹ̀yìnkùlé.

Ibi tó dára jù lọ ni ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó ti ń gbìn ín. Ẹ lọ sí ọjà àwọn àgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ béèrè. Bí ìyá tàbí bàbá kan bá fún yín ní ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ jókòó tì í kí ẹ bi í: orúkọ wo ni wọ́n ń pè é nílé yín, ta ló fún yín, ṣé ó ń fà ni àbí ó ń dá dúró, ìgbà wo lẹ máa ń gbìn ín, báwo lẹ ṣe ń sè é? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irúgbìn tí kò ní ìtàn kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ọ̀rá ní ilé ìtajà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di ẹ̀wà olóyin sínú báàgì láti Èkó pé ẹ fẹ́ lọ gbìn ín. Irúgbìn tí kò bá ní ìwé àṣẹ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfúrufú, àrùn tó bá bá a wọlé sì lè ba oko ẹlòmíràn jẹ́. Àwọn tiwa wà nípamọ́ ní IITA, Ìbàdàn, níbi tí oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 wà.

Ilẹ̀

Oòrùn ni ẹ̀wà yìí fẹ́, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Ilẹ̀ oníyanrìn kò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ bí omi bá ń dúró síbi kan, ẹ kọ ebè gíga níbẹ̀ tàbí kí ẹ wá ibòmíràn. Bí ẹ bá yẹ ilẹ̀ wò, pH 5.5 sí 6.5 dára.

Ẹ má bu ajílẹ̀ adìyẹ sí i, ẹ má sì ra ajílẹ̀ tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀. Ewé nìkan lẹ máa kó. Ẹ̀wà ń ṣe náítírójìn tirẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ bakitéríà tó ń gbé nínú kókó ara gbòǹgbò rẹ̀. Nítorí èyí ni George Washington Carver, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Tuskegee, Alabama, ṣe tẹ ìwé pélébé jáde lórí rẹ̀ ní 1903, tó ń rọ àwọn àgbẹ̀ tí òwú ti fa ilẹ̀ wọn gbẹ pé kí wọ́n gbìn ín. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gbin ẹ̀wà yìí tàbí ẹ̀pà sórí ilẹ̀ yín rí, ẹ ra bakitéríà rẹ̀, tó máa ń wà bí ìyẹ̀fun dúdú nínú ọ̀rá. Ẹ rí i pé ti cowpea, orúkọ ẹ̀wà wa yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, àti ẹ̀pà ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tàbí pea ìgbà òtútù kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sára irúgbìn, ẹ yí ìyẹ̀fun náà mọ́ ọn, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fa ẹyọ igi kan tí ẹ kò nílò tu, kí ẹ fi èékánná la kókó kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ.

Ìgbà wo?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, nítorí náà n óò fara balẹ̀ díẹ̀. Òtútù ni ọ̀tá kìíní. Bí irúgbìn bá bọ́ sínú ilẹ̀ tútù, á jẹrà kó tó hù. Ẹ ti tẹmómítà bọ ilẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin láàárọ̀. Bó bá ti tó 65 Fahrenheit fún ọjọ́ bíi mélòó kan léraléra, ẹ lè gbìn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn òtútù ìkẹyìn tó ń pa ewé. Ní agbègbè Atlanta, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún kì í sábà já ni kulẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀wà àtijọ́ tó ń fà ló ń ka gígùn ọ̀sán. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀sán bá ṣì gùn, ewé àti ìtàkùn ni wọn óò máa yọ. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú lọ ni wọ́n tó ń rántí òdòdó. Ìwà tí wọ́n gbé wá láti ilé ni. Níbẹ̀, ọ̀sán tó ń kúrú ló ń sọ fún ẹ̀wà pé òjò fẹ́ dáwọ́ dúró, pé àkókò tó láti so. Bí ẹ bá gbin irú èyí ní oṣù karùn-ún ní Georgia, á bo ọgbà yín mọ́lẹ̀ títí di oṣù kẹjọ, tí ẹ kò ní rí òdòdó kan. Kò sàìsàn o. Ẹ dúró títí di àárín oṣù kẹfà kí ẹ tó gbìn ín: ìtàkùn á mọ níwọ̀n, èso á sì gbó nígbà tí òjò ti dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Maryland sókè, ọ̀ràn tiyín yàtọ̀. Bí ẹ̀wà bá dúró de ọ̀sán kúkúrú, òtútù á pa á kí hóró rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ mú èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń tó láàárín 60 sí 75 ọjọ́, kí ẹ sì gbìn ín gbàrà tí ilẹ̀ bá ti móoru.

Gbígbìn

Ẹ má gbin gbogbo irúgbìn yín. Ìdajì ni kí ẹ gbìn. Ìdajì yòókù wà nínú ìgò títí ẹ ó fi kórè. Àgbọ̀nrín kan ṣoṣo lè jẹ ọgbà kan tán lóru.

Ẹ má rẹ ẹ́ sómi tẹ́lẹ̀, ó máa ń mú kí hóró là. Íǹṣì kan sísàlẹ̀ ti tó. Èyí tó ń dá dúró, ẹ fi íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́fà sáàárín hóró, kí poro kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Èyí tó ń fà fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín, kí poro sì jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Tàbí kí ẹ na okùn tàbí wáyà fún un láti gùn, èyí tí mo fẹ́ràn jù nítorí èso kò ní kan ilẹ̀ jẹrà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ní igi ẹ̀wà 30 ó kéré tán, 50 dára jù. Bí ẹ bá ń mú irúgbìn lára igi mẹ́ta mẹ́rin lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ìwà tó fara sin nínú oríṣi náà á sọnù láìsí pé ẹ mọ̀.

Lẹ́yìn tó bá hù, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀méjì sí mẹ́ta, kí ọkọ́ má wọlẹ̀ púpọ̀ nítorí gbòǹgbò. Ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀, á pa koríko fúnra rẹ̀. Omi kò pọn dandan títí tó fi ń yọ òdòdó. Láti ìgbà yẹn, bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ fún un ní omi tó máa tó íǹṣì kan lọ́sẹ̀.

Kí ó má bàa dà pọ̀

Òdòdó ẹ̀wà yìí máa ń là láàárọ̀ kùtù, á sì pa dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Kó tó là ló ti gba lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tirẹ̀ (pollen) fúnra rẹ̀, nítorí náà kì í sábà gba ti ẹlòmíràn. Oyin ńlá onírun tó ń hó lórí òdòdó lè gbé e kiri ṣá. Bí aládùúgbò yín bá gbin oríṣi mìíràn, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sáàárín, tàbí kí ẹ gbin àgbàdo díẹ̀ dí wọn lójú.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ níbí ni pé awọ hóró ẹ̀wà, ara ìyá ni. Bí òdòdó Sea Island Red Pea bá gba ti ẹ̀wà olójú dúdú, pupa ni hóró náà ṣì máa jẹ́ lọ́dún yẹn. Ẹ ó wò ó, ẹ ó sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ bá gbin hóró náà, tó so, ni àwọ̀ mìíràn á tó jáde. Ẹ wo oko, kì í ṣe hóró nìkan. Ẹ̀wà tí ewé, òdòdó tàbí èèpo rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fà á tu kíákíá, kó má dúró títí oyin á fi kan òdòdó rẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ bá rán jọ, tó ní abala abala àwọ̀ ìyeyè àti tútù, ẹ fa òun náà tu. Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan ń bá irúgbìn lọ sí ọdún tó ń bọ̀.

Ní ìgbà yìí kan náà, ẹ so aṣọ pupa mọ́ àwọn igi tó wù yín jù: èyí tí ara rẹ̀ le, tó so dáadáa, tó jọ bí oríṣi rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Ti aṣọ pupa, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ká a jẹ. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé. Àṣà búburú kan wà tí ọ̀pọ̀ ń dá, pé kí wọ́n jẹ àwọn tó dára, kí wọ́n sì fi àjẹkù ìparí oko ṣe irúgbìn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣa aláìlera gbìn.

Kòkòrò

Ní Georgia, Alabama àti àyíká wọn, ọ̀gá nínú wọn ni kòkòrò dúdú kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, tí ẹnu rẹ̀ gùn, tí àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ ń pè ní cowpea curculio. Bí ẹ bá mi ewé, á já bọ́ sílẹ̀, á ṣe bí òkú. Ó ń gún èèpo tútù, ó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, ọgbẹ́ náà á sì wú bí wọ́nwọ́n. Ìdin á jẹ hóró láti inú, á lu èèpo jáde, á bọ́ sínú ilẹ̀, á sì di àgbà níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń ta fún un kò ràn án mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Georgia. Ohun tó ń dín in kù ni pé kí ẹ má gbin ẹ̀wà síbi kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí ẹ ṣa gbogbo èèpo tó bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kó pàǹtírí oko kúrò lọ́gán tí ìkórè bá parí. Ẹ jáwọ́ nínú ríro pé ẹ máa rí èso tí kò ní àbàwọ́n kankan.

Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú tó máa ń ṣù sí ọ̀mùnú ewé, ẹ fi omi líle láti inú họ́ọ̀sì fọ̀ wọ́n dànù. Èèrà tí ẹ bá rí lórí ìdí òdòdó kò ṣe nǹkan, omi dídùn tí ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ń sun níbẹ̀ ni wọ́n ń lá. Ti àgbọ̀nrín, ọgbà tó yí oko ká, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, nìkan ló dájú.

Kíká àti gbígbẹ

Ẹ̀wà kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta lẹ máa ń wọlé ká a. Fún jíjẹ, àwọn ará Gúúsù máa ń ká a nígbà tí hóró ti tóbi, tí èèpo ti ń pa àwọ̀ dà, ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀wà gbígbẹ inú àpò nìkan ló mọ̀, kó sè é tútù báyìí pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 ti tó, kò fẹ́ kánún.

Irúgbìn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ lórí igi, kí èèpo di aláwọ̀ ilẹ̀, kó máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ bí ẹ bá mì í. Bí òjò bá ń bọ̀, ẹ má dúró, ẹ yára ká a, nítorí hóró máa ń hù nínú èèpo tàbí kó bu. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ pa á, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣa èyí tó lu kúrò. Ẹ kó hóró kan sórí kọnkéré, ẹ fi òòlù lù ú. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ. Bó bá tẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ dá a padà sínú atẹ́gùn. Àwọn gbòǹgbò lóko, ẹ má fà wọ́n tu. Ẹ gé igi lẹ́bàá ilẹ̀ kí kókó wọn jẹrà sínú ilẹ̀ fún ẹ̀fọ́ tó ń bọ̀.

Kòkòrò inú ẹ̀wà tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé wà níhìn-ín náà, láti oko ló sì ti ń tẹ̀lé e wọlé. Lẹ́yìn tó bá gbẹ dáadáa, ẹ dì í sínú ìgò tó dé pinpin, ẹ gbé e sí fíríísà tó tutù dé 0 Fahrenheit fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èyí tí kò gbẹ dáadáa, òtútù fíríísà á pa ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí ìgò náà títí á fi gba ooru ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á ṣẹ̀ sára hóró. Ibi tútù, gbígbẹ, tó ṣókùnkùn á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Inú fíríísà, ó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ẹ kọ ọ́ sára ìgò: orúkọ oríṣi, ẹni tó fún yín, ọdún, iye igi tí ẹ mú un lára. Kí àsìkò gbígbìn tó dé, ẹ ka hóró 20, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ bébà tútù wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá níbi tó móoru fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá hù, ẹ gbìn ín bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ 10, ẹ gbìn ín ní ìlọ́po méjì, ẹ má sì jẹ́ kó tún pẹ́ nínú ìgò. Kí ẹ tó kó èyíkéyìí sínú ìkòkò, ẹ pín irúgbìn ọ̀hún sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹ máa gbìn, èyí tó máa wà nínú fíríísà, àti èyí tí ẹ máa fún ẹnì kan tó ń gbé ní àdúgbò mìíràn, tí òjò yìnyín tó bá bọ́ lu ọgbà yín kò ní kan tirẹ̀.